Ilẹ̀ Ẹ̀ẹ̀rùn Kan, Ajílẹ̀ Ọdún Mẹ́ta: Ọgbà Ẹ̀fọ́ Aláìlo-kẹ́míkà ní Ìjẹ̀bú-Igbó, Àgọ́-Ìwòyè àti Ògùn Waterside

Ìfáàrà

Ọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ àgbẹ̀ tí kò lo ajílẹ̀ òyìnbó àti oògùn apakòkòrò ti di ohun tí wọ́n ń sọ káàkiri ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga ilẹ̀ yìí láti nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn. Ní 2004 ni Yunifásítì Iṣẹ́ Àgbẹ̀ tí ó wà ní Abẹ́òkúta bẹ̀rẹ̀ ètò tí wọ́n ń pè ní OAPTIN, kí ẹ̀kọ́ náà lè tàn dé àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga mìíràn. Ní oṣù kẹwàá 2015, ìlú Èkó ni àpérò ẹlẹ́ẹ̀kẹta ti gbogbo Áfíríkà lórí ọ̀rọ̀ náà ti wáyé. Àjọ àgbáyé tí ó ń mójú tó o, èyí tí ń jẹ́ IFOAM, ti wà láti 1972. Nínú ohun tí wọ́n ń kọ lórí rẹ̀, ohun méjì ni wọ́n sábà máa ń tẹnu mọ́: èkíní ni pé irú ọ̀gbìn bẹ́ẹ̀ ṣe ara lóore, èkejì ni pé àwọn àgbẹ̀ kò tíì ní ìmọ̀ rẹ̀ tó. Àríyànjiyàn bébà yìí ni pé ọ̀rọ̀ kejì yìí kò fẹsẹ̀ múlẹ̀ tó bí wọ́n ti ń sọ ọ́, pàápàá ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú. Ohun tí ó wọ́n olùgbin ẹ̀fọ́ jù kì í ṣe ìmọ̀ bí kò ṣe àkókò lórí ilẹ̀. Ẹni tí wọ́n yá ní àkùrọ̀ fún ẹ̀ẹ̀rùn kan ṣoṣo kò lè ṣe iṣẹ́ tí èrè rẹ̀ ń jáde ní ọdún kejì àti ọdún kẹta, bí ó ti wù kí ó gbọ́n tó. Púpọ̀ nínú ìṣòro yòókù, ìyẹn ti ajílẹ̀, ti kòkòrò àti ti ọjà, orí ìṣòro yìí ni wọ́n dúró lé.

Ibi mẹ́ta ni àyẹ̀wò náà fi ojú sí. Ìjẹ̀bú-Igbó àti Àgọ́-Ìwòyè wà lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ kan náà, èyí tí í ṣe Àríwá Ìjẹ̀bú, ṣùgbọ́n ìgbésí ayé ọgbà ẹ̀fọ́ nínú ìlú méjèèjì kò bára mu pátápátá. Ìlú kòkó, obì àti gẹdú ni Ìjẹ̀bú-Igbó. Àgọ́-Ìwòyè ní tirẹ̀ ti di ìlú akẹ́kọ̀ọ́ láti 1982 tí wọ́n ti dá Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀ níbẹ̀, èyí tí wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà sí Yunifásítì Ọlábísí Ọ̀nàbánjọ ní 2001. Ògùn Waterside, tí olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ rẹ̀ ń jẹ́ Abígi, wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá, níbi tí ilẹ̀ ti ń di iyanrìn àti irà títí ó fi kan ọ̀sà Lẹ́kí.

Ọ̀rọ̀ lórí orúkọ

Kò sí ọ̀rọ̀ Yorùbá kan tí gbogbo ènìyàn fara mọ́ fún irú ọ̀gbìn yìí. Aláìlo-kẹ́míkà ni ó wà lórí àkọlé bébà yìí nítorí pé òun ni ó tètè ń yé ènìyàn. Ṣùgbọ́n orúkọ náà ní àbùkù kan: ohun tí àgbẹ̀ kò ṣe ni ó ń sọ, kò sọ ohun tí ó ń ṣe. Bí ó bá jẹ́ pé àìlo kẹ́míkà nìkan ni, ẹni tí kò rówó ra ajílẹ̀ òyìnbó, tí ó ń gbin ẹ̀fọ́ sórí ilẹ̀ tí ó ti ṣá láìfi ohunkóhun kún un, náà wà lára wọn. Àwọn tí wọ́n ń gbé ìlànà iṣẹ́ náà kalẹ̀ kò gbà bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó jẹ wọ́n lógún ni pé kí àgbẹ̀ máa bọ́ ilẹ̀, kí ilẹ̀ sì máa bọ́ irúgbìn. Nítorí náà, ọ̀gbìn abọ́lẹ̀ ni bébà yìí yóò máa lò láti ibí lọ. (Àmì ohùn orí rẹ̀ ṣe pàtàkì, ẹni tí ó bá fi ohùn àárín pè é yóò sọ àgbẹ̀ di abọrẹ̀.)

Wọ́n a tún máa sọ pé ohun tí àwọn baba ńlá ń ṣe náà nìyí. Kò rí bẹ́ẹ̀ gan-an. Nínú oko ẹgàn, àwọn baba ńlá kì í bọ́ ilẹ̀. Wọ́n ń fi í sílẹ̀ kí ó sinmi ni. Bí ó bá ti rẹ̀ wọ́n a ṣí lọ síbòmíràn, igbó a sì padà kún un fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ibi tí bíbọ́ ilẹ̀ ti wà ní tòótọ́ ni ẹ̀yìnkùlé, lẹ́bàá àtàn, níbi tí eérú, èèpo iṣu, ìgbẹ́ ewúrẹ́ àti pàǹtírí ilé ń ṣubú lé ara wọn lójoojúmọ́, tí àwọn obìnrin sì ń ṣá tẹ̀tẹ̀ àti gbúre níbẹ̀ láti ọdún dé ọdún. Ọmọ àtàn ni ọ̀gbìn abọ́lẹ̀, kì í ṣe ọmọ oko. Ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe ti ọ̀rọ̀ ẹnu lásán: ẹni tí ó ni ilé ni ó ni àtàn, kò sì sí ẹni tí yóò lé e kúrò níbẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ bá ti dára tán.

Ilẹ̀, omi àti èjìká

Òjò agbègbè yìí máa ń bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹta tàbí ìkẹrin, ó máa ń dánu dúró díẹ̀ ní oṣù kẹjọ, ó sì máa ń parí ní nǹkan bí oṣù kọkànlá. Ìgbà òjò kọ́ ni ìgbà owó fún olùgbin ẹ̀fọ́, nítorí pé ẹ̀fọ́ wà ní ẹ̀yìnkùlé gbogbo ènìyàn nígbà náà. Láti oṣù kejìlá sí ìkẹta ni ẹ̀fọ́ ń wọ́n, ibi tí ó sì ti ń rí nígbà náà ni àkùrọ̀, ìyẹn ilẹ̀ pẹ̀tẹ́lẹ̀ etí odò tí kì í gbẹ pátápátá. Ibẹ̀ ni wọ́n ń la bẹ́ẹ̀dì sí, tí wọ́n ń gbin tẹ̀tẹ̀, ewédú, ṣọkọyọ̀kọ̀tọ̀, ilá àti ata, tí ọgbà mìíràn sì ń fi ugwu kún un.

Tẹ̀tẹ̀ ni ìpìlẹ̀ iṣẹ́ yìí, nítorí pé láàrin ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́fà ó ti tó fà. Ewédú ní tirẹ̀ ní agídí: èèpo irúgbìn rẹ̀ le débi pé omi kì í tètè wọ̀ ọ́, àfi kí wọ́n dì í sínú aṣọ, kí wọ́n rì í bọ inú omi tí ó ń hó fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, kí wọ́n tó gbìn ín. Kò sí ilé-ẹ̀kọ́ kan tí ó kọ́ àwọn ìyá àgbà ní èyí. Ó yẹ kí ẹni tí ń kígbe pé àgbẹ̀ kò ní ìmọ̀ rántí rẹ̀.

Ìṣirò omi ni ó ń fi ìnira iṣẹ́ náà hàn jùlọ. Ní ọ̀gbẹlẹ̀, ilẹ̀ tí a gbin ẹ̀fọ́ sí ń pàdánù omi tí ó tó lítà mẹ́rin sí márùn-ún lórí mítà oníhà mẹ́rin kan lójúmọ́. Bẹ́ẹ̀dì tí ó fẹ̀ ní mítà kan, tí ó sì gùn ní mítà mẹ́wàá, yóò mu 40 sí 50 lítà. Ẹni tí ó bá ní ogójì irú bẹ́ẹ̀dì bẹ́ẹ̀, èyí tí kò pọ̀ fún ẹni tí iṣẹ́ náà jẹ́ oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀, yóò gbé 1,600 sí 2,000 lítà. Bí kẹ́ẹ̀gì onílítà ogún bá ni ó ń lò, ó di ìgbà 80 sí 100 tí yóò bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ sí kòtò omi, tí yóò dìde, tí yóò rìn, tí yóò sì dà á. Apá kan lówùúrọ̀ kí oòrùn tó mú, apá kan nírọ̀lẹ́. Ẹ̀rọ afami ń dín ìnira yìí kù, ṣùgbọ́n epo bẹntiróòlù ni ó ń mu. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ yọ owó ìrànwọ́ epo kúrò ní ìparí oṣù karùn-ún 2023, iye owó lítà kan fò láti ìsàlẹ̀ 200 náírà sí ohun tí ó ju 480 náírà lọ láàrin ọjọ́ mélòó kan, ọ̀pọ̀ ẹni tí ó ti fi kẹ́ẹ̀gì sílẹ̀ ni ó sì di dandan fún láti tún padà gbé e.

Ní ibi yìí ni ọ̀gbìn abọ́lẹ̀ ti ní àǹfààní tí wọn kì í sọ tó. Ilẹ̀ tí ó kún fún ohun jíjẹrà ń di omi mú. Bí wọ́n bá tún fi ewé gbígbẹ tàbí koríko bo orí bẹ́ẹ̀dì, oòrùn kì í lè fa omi náà lọ kíákíá, iye ìgbà tí èjìká yóò ru kẹ́ẹ̀gì a sì dín kù. Lórí ilẹ̀ oníyanrìn Ògùn Waterside, àǹfààní yìí lé ní ìlọ́po, nítorí pé bí omi ti ń dà sórí iyanrìn ni ó ń gba abẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ kì í di irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ láàrin oṣù mẹ́rin.

Ohun tí wọ́n fi ń bọ́ ilẹ̀

Kò sí àìtó ohun ìbọ́lẹ̀ ní agbègbè yìí. Rírù ni ìṣòro rẹ̀. Àpò ajílẹ̀ yúríà kan tí ó wúwo tó 50 kílò ní náítírójìn tí ó tó 23 kílò nínú, nítorí pé ìdá 46 nínú ọgọ́rùn-ún ni. Ìgbẹ́ adìyẹ tí ó ti gbẹ dáradára sábà máa ń ní ìdá méjì sí mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún. Bí ó bá jẹ́ méjì àbọ̀, 920 kílò ni yóò ní iye náítírójìn tí ó wà nínú àpò yúríà kan, ìyẹn ju àpò 18 lọ. Síbẹ̀, nǹkan bí ìdajì rẹ̀ nìkan ni irúgbìn lè rí lò ní àkókò àkọ́kọ́. Ìyókù wà nílẹ̀, ó ń jáde díẹ̀díẹ̀. Ajílẹ̀ tí wọ́n kó jọ tí ó sì ti jẹrà tán tún lọ́ra jù bẹ́ẹ̀ lọ: ìdá kan nínú mẹ́rin, tàbí kí ó má tilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, ni ó ń jáde ní ọdún kìíní. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí tẹ̀tẹ̀ rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀rùn yìí dọ́gba pẹ̀lú ti aládùúgbò rẹ̀ tí ó da yúríà yóò ru nǹkan bí àpò 37 níbi tí aládùúgbò náà ti ru ẹyọ kan. Ìdajì agbára tí ó sì rù wọnú oko náà, ẹni tí yóò gba ilẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ni yóò jẹ ẹ́.

Ó bani lọ́kàn jẹ́ díẹ̀ pé yúríà náà kò jìnnà. Ilé-iṣẹ́ ajílẹ̀ Dangote, tí wọ́n ṣí ní oṣù kẹta 2022, wà ní Ìbẹ́jú-Lẹ́kí, ní apá ìwọ̀-oòrùn Ògùn Waterside, agbára rẹ̀ sì tó mílíọ̀nù mẹ́ta tọ́ọ̀nù lọ́dún. Olùgbin ẹ̀fọ́ abọ́lẹ̀ ń bá irú aládùúgbò bẹ́ẹ̀ figa gbága pẹ̀lú agbọ̀n ìgbẹ́ adìyẹ lórí.

Nínú ohun tí ó wà nílẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Igbó, èèpo kòkó ni ó yẹ kí wọ́n kà sí jùlọ. Púpọ̀ nínú rẹ̀ ni ó ń jẹrà lásán nínú oko kòkó, níbi tí ó tún ti ń di ibùgbé àrùn tí ń ba èso kòkó jẹ́, bẹ́ẹ̀ ni eérú rẹ̀ ni àwọn aṣeọṣẹ-dúdú ń lò láti ìgbà pípẹ́ nítorí kán-ún inú rẹ̀. Kán-ún náà, èyí tí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pè ní potassium, jẹ́ oúnjẹ irúgbìn, èèpo tí wọ́n bá sì pò mọ́ ìgbẹ́ adìyẹ ń mú kí ọ̀kan ní ohun tí èkejì ṣaláìní. Èèpo ẹ̀gẹ́ wà níbi gbogbo tí wọ́n ti ń ṣe gàrí, ó sì dára fún òkìtì ajílẹ̀ bí ewúrẹ́ bá fi sílẹ̀. Ìyẹ̀fun igi láti àwọn ilé ìlagi ni ó pọ̀ jù, òun náà ni ó sì léwu jù fún aláìmọ̀kan. Bí wọ́n bá da ìyẹ̀fun igi tútù wọnú ilẹ̀, àwọn kòkòrò aláìfojúrí tí ń jẹ ẹ́ yóò gba náítírójìn ilẹ̀ náà fún iṣẹ́ tiwọn, ewé ẹ̀fọ́ yóò sì pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Ó dára fún bíbo orí ilẹ̀ láàrin bẹ́ẹ̀dì, tàbí kí wọ́n fi í sí abẹ́ adìyẹ kí ó ti gba ìgbẹ́ mọ́ra kí ó tó dé oko. Ìyẹ̀fun igi tí wọ́n ti fi oògùn pa kò yẹ kí ó dé ibẹ̀ rárá.

Ní Ògùn Waterside, èpò orí omi olódòdó elésèé àlùkò nì, water hyacinth, tí ó gba ìhà Àgbádárìgì wọ inú àwọn ọ̀sà ilẹ̀ yìí ní 1984, tí ó ń dí ọ̀nà ọkọ̀ ojú omi tí ó sì ń ya àwọ̀n apẹja, jẹ́ ohun ìbọ́lẹ̀ tí kò ní owó lórí. Wọ́n ní láti sá a kí ó gbẹ kí ó má baà tún hù, kí wọ́n sì yẹra fún èyí tí ó wá láti ibi tí omi ìdọ̀tí ilé-iṣẹ́ ń dà sí, nítorí pé ó máa ń fa májèlé irin mọ́ra. Omi tí ó pọ̀ nínú rẹ̀ jẹ́ ìṣòro mìíràn: ẹrù ọkọ̀ ojú omi kan a máa gbẹ di ìwọ̀nba agbọ̀n díẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìgbẹ́ adìyẹ gba ìṣọ́ra. Bí ó bá tutù tí wọ́n sì dà á sórí ẹ̀fọ́, ó ń jó gbòǹgbò, ó sì lè kó àrùn inú bá ẹni tí yóò jẹ ewé náà. Òkìtì tí wọ́n bá tò dáradára a máa gbóná tó ìwọ̀n 55 sí 65 Celsius láàrin ọjọ́ díẹ̀, ooru náà sì ni ó ń pa àwọn kòkòrò àrùn àti irúgbìn èpò. Wọ́n ní láti máa yí i padà kí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lè wọ àárín. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ ni ó kéré jù. Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ nínú ẹ̀ẹ̀rùn tí kò ju ọ̀sẹ̀ 16 lọ jẹ́ ìdajì ọdún olùgbin ẹ̀fọ́, nítorí náà ẹni tí kò bá ní ibi tí yóò to òkìtì sí kí ẹ̀ẹ̀rùn tó bẹ̀rẹ̀ ti pẹ́ jù.

Kòkòrò

Lára àwọn kòkòrò tí ń jẹ ewé tẹ̀tẹ̀, ìdin labalábá kékeré kan tí ń ká ewé mọ́ ara ni ó burú jùlọ. Láàrin ọjọ́ mẹ́ta ó lè sọ bẹ́ẹ̀dì di egungun ewé. Omi ewé tàbí èso dóńgóyárò tí wọ́n gún ń ràn wọ́n lọ́wọ́, bí wọ́n bá tètè rí kòkòrò náà nígbà tí ó ṣì kéré. Oòrùn tètè ń ba agbára rẹ̀ jẹ́, nítorí náà ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń wọ́n ọn, wọ́n sì ní láti tún un ṣe. Títa ọgbà láti bẹ́ẹ̀dì dé bẹ́ẹ̀dì, kí tẹ̀tẹ̀ má tẹ̀lé tẹ̀tẹ̀, ń dí kòkòrò inú ilẹ̀ tí ń wú gbòǹgbò lọ́wọ́, ó sì ṣe pàtàkì fún ṣọkọyọ̀kọ̀tọ̀ àti tòmátì.

Tata aláràbarà tí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pè ní Zonocerus variegatus jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn, nítorí pé kò sí ẹni tí ó lè dá a kápá. Abẹ́ ìbòòji ewé Akíntọ́lá ni ó sábà máa ń yín ẹyin rẹ̀ sí, sínú ilẹ̀, ní ìdìpọ̀ ìdìpọ̀. Ní àwọn ọdún 1970, àwọn olùwádìí fi hàn ní gúúsù ilẹ̀ yìí pé bí ará abúlé bá para pọ̀ hú ibi tí ẹyin wọ̀nyí wà, tí oòrùn sì pa wọ́n, tata ẹ̀ẹ̀rùn tí ó tẹ̀lé e a dín kù gidigidi láìlo oògùn kankan. Àwọn àgbẹ̀ mọ ibi tí ẹyin wà. Ohun tí ó gbà wọ́n ni àdéhùn láàrin ara wọn. Ayálẹ̀ tí yóò kó ẹrù rẹ̀ lọ ní oṣù kẹrin kò ní ìdí tí yóò fi hú ẹyin tí yóò pa ní oṣù kọkànlá.

Lẹ́yìn kòkòrò ni aládùúgbò. Nínú àkùrọ̀ kan náà, bẹ́ẹ̀dì ń fara kan bẹ́ẹ̀dì, omi kan náà ni gbogbo wọn sì ń lò. Bí ẹni òkè bá fọ́n oògùn, afẹ́fẹ́ àti omi yóò gbé e wá sí ìsàlẹ̀. Ó jẹ́ ohun ayọ̀ pé àjọ NAFDAC fòfin de paraquat láti ìbẹ̀rẹ̀ 2024, chlorpyrifos láti oṣù kọkànlá ọdún náà, àti atrazine láti ìbẹ̀rẹ̀ 2025. Ní 2019 ni ó ti fòfin de ìgò kéékèèké oògùn dichlorvos. Òfin wà ní Àbújá, ìgò wà ní ọjà. Bẹ́ẹ̀ sì ni ilẹ̀ kòkó àtijọ́ ní ìtàn tirẹ̀: fún ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi Gammalin 20 pa kòkòrò orí kòkó, tí àwọn kan tilẹ̀ ń dà á sódò láti fi pa ẹja. Ẹni tí ó bá fẹ́ la ọgbà abọ́lẹ̀ sí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní láti mọ ohun tí ẹni àkọ́kọ́ ṣe níbẹ̀.

Ìṣákọ́lẹ̀ àti igi

Gbogbo ọ̀nà yìí ni ó já sí ọ̀rọ̀ ilẹ̀. Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti 1978 fi ilẹ̀ sí ọwọ́ gómìnà, ṣùgbọ́n nínú àkùrọ̀, ọ̀dọ̀ ẹbí ni àgbẹ̀ ṣì ń lọ. Àtọ̀húnrìnwá ni púpọ̀ nínú àwọn tí ń ro ọgbà ẹ̀fọ́, àwọn mìíràn sì jẹ́ ọmọ ìlú tí kì í ṣe ẹbí tí ó ni àkùrọ̀ náà. Wọ́n ń san owó fún ẹ̀ẹ̀rùn kan, ọ̀rọ̀ ẹnu ni àdéhùn wọn, ẹbí sì lè fún ẹlòmíràn ní ọdún tí ń bọ̀. Bí ilẹ̀ bá dára sí i, owó rẹ̀ lè gòkè, tàbí kí ọmọ onílẹ̀ fẹ́ fúnra rẹ̀ lò ó. Nípa bẹ́ẹ̀, ayálẹ̀ tí ó bọ́ ilẹ̀ dáradára ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ohun tí yóò lé e kúrò. Yúríà kò ní ìṣòro yìí: ohun tí wọ́n bá dà lónìí, láàrin ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ó ti di ewé, ewé sì ti di owó.

Ìlànà tí àwọn àjọ òkè òkun fi ń jẹ́rìí sí ọ̀gbìn abọ́lẹ̀ tún mú kí ọ̀rọ̀ náà le sí i. Ní Yúróòpù, ó gbọ́dọ̀ tó ọdún méjì tí wọn kò ti lo kẹ́míkà lórí ilẹ̀ kí wọ́n tó gbin irúgbìn alọ́dọọdún tí wọn yóò fi orúkọ yẹn tà. Ti igi eléso jẹ́ ọdún mẹ́ta. Ọdún méjì lórí ilẹ̀ tí àdéhùn rẹ̀ jẹ́ oṣù mẹ́rin!

Ti igi ni ó wá fara sin jù. Nínú àṣà Yorùbá, ayálẹ̀ kì í gbin igi, nítorí pé igi gbígbìn jẹ́ àmì pé ènìyàn ni ilẹ̀. Ó lè gbin àgbàdo, ẹ̀fọ́ àti ẹ̀gẹ́, ṣùgbọ́n bí ó bá gbin obì tàbí ọsàn, ẹjọ́ dé. Ọ̀gbìn abọ́lẹ̀ sì nílò igi: dóńgóyárò fún oògùn kòkòrò, agúnmániyè fún ọgbà yíká àti fún ewé tí wọn yóò máa gé bo ilẹ̀, igi tí yóò dá afẹ́fẹ́ olóògùn aládùúgbò dúró. Ilé-ẹ̀kọ́ ìwádìí IITA ní Ìbàdàn ti rí irú èyí rí. Láti ìparí àwọn ọdún 1970 ni wọ́n ti ń gbìyànjú níbẹ̀ láti gbin agúnmániyè àti Leucaena ní ìlà ìlà láàrin irúgbìn kí ewé wọn lè máa bọ́ ilẹ̀. Nínú oko ìwádìí, ó ṣiṣẹ́. Lọ́dọ̀ àwọn àgbẹ̀, kò tàn kálẹ̀ tó bí wọ́n ti retí, ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ lórí ilẹ̀ àti lórí igi sì wà lára ohun tí àwọn olùwádìí tọ́ka sí. Ó yani lẹ́nu pé ẹ̀kọ́ yìí kò hàn tó nínú ètò ọ̀gbìn abọ́lẹ̀ tí ó dé lẹ́yìn rẹ̀.

Ọjà

Ní ọ̀pọ̀ àkùrọ̀, bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n ń tà, kì í ṣe ìdì. Alájàpá yóò wá, yóò fi ojú wo bẹ́ẹ̀dì láti òkè dé ìsàlẹ̀, yóò dá iye lé e, wọn yóò ná an, yóò sì mú àwọn tirẹ̀ wá fà á. Ọ̀nà yìí gba àgbẹ̀ lọ́wọ́ wàhálà ọjà, ó sì tètè gbé owó lé e lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ojú ni òṣùwọ̀n rẹ̀. Ewé ńlá, dúdú minimini, tí kòkòrò kò dá lu, ni ó ń gba owó gidi, bẹ́ẹ̀ ni yúríà àti oògùn ṣe ń mú ewé rí. Tẹ̀tẹ̀ abọ́lẹ̀ tí ihò méjì mẹ́ta wà lára rẹ̀ yóò gba owó tí ó kéré, ẹni tí yóò jẹ ẹ́ ní Ìjẹ̀bú-Òde tàbí ní Mile 12 ní Èkó kò sì ní mọ̀ láé pé ó yàtọ̀, nítorí pé orí àtẹ alárọ̀bọ̀ ni yóò ti dàpọ̀ mọ́ ti gbogbo ayé. Ìwà ìjọra yìí ni ó ń pa iye owó abọ́lẹ̀. Ẹ̀fọ́ kì í sì í dúró: èyí tí wọ́n fà láàárọ̀ ti rọ kí ilẹ̀ tó ṣú.

Àgọ́-Ìwòyè ni ó yẹ kí ó rọrùn, nítorí pé olùjẹ ẹ̀fọ́ wà níbẹ̀ lẹ́gbẹẹgbẹ̀rún, tí àwọn olùkọ́ tí wọ́n ti gbọ́ nípa ọ̀gbìn abọ́lẹ̀ sì wà láàrin wọn. Ṣùgbọ́n ìlú akẹ́kọ̀ọ́ máa ń kún, ó sì máa ń gbẹ bí odò ọ̀gbẹlẹ̀. Ìsinmi ìparí ọdún bọ́ sí àárín ẹ̀ẹ̀rùn gan-an, ìyanṣẹ́lódì kì í sì í kọ̀wé kó tó dé. Ní oṣù kẹta 2020, tí ìjọba ti ilé-ẹ̀kọ́ pa nítorí àrùn kòrónà, tí ìsémọ́lé sì tẹ̀lé e ní Ìpínlẹ̀ Ògùn ní oṣù kẹrin, ẹni tí ó gbé gbogbo bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ lé orí akẹ́kọ̀ọ́ kò ní ẹni tí yóò tà á fún. Nítorí náà ni ọgbà tí ó gbọ́n kì í fi ṣe tẹ̀tẹ̀ nìkan; ata àti ilá máa ń ní sùúrù ju ewé lọ, ata sì ṣeé sá.

Ìwé ẹ̀rí láti ọ̀dọ̀ àjọ òkè òkun kọjá agbára ẹni tí ó ní ogójì bẹ́ẹ̀dì. Ohun tí ó sún mọ́ ọn ni ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní PGS, tí IFOAM àti ẹgbẹ́ àwọn olùgbin abọ́lẹ̀ ní ilẹ̀ yìí ń gbé lárugẹ, nínú èyí tí àgbẹ̀ àti oníbàárà ń para pọ̀ bẹ ọgbà ara wọn wò, tí wọ́n sì ń jẹ́rìí sí i fúnra wọn. Àwọn oníbàárà bẹ́ẹ̀ wà ní Àgọ́-Ìwòyè bí ẹnì kan bá kó wọn jọ. Síbẹ̀, ẹlẹ́rìí kò lè jẹ́rìí sí ọgbà tí yóò yí padà lọ́dọọdún.

Ibi tí ìyípadà ti lè tètè bẹ̀rẹ̀ ni orí ilẹ̀ tí kì í ṣe ti ẹbí kan: ilẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́, ti ilé ìjọsìn, ti ilé ìwòsàn, tí púpọ̀ nínú wọn ní etí odò tí ewé Akíntọ́lá nìkan ń hù sí. Songhai ní Àjàṣẹ́, ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, tí àlùfáà Godfrey Nzamujo dá sílẹ̀ ní 1985, bẹ̀rẹ̀ lórí irú ilẹ̀ tí wọ́n fi fún un bẹ́ẹ̀, ohun tí adìyẹ, ẹja àti ẹ̀fọ́ bá fi sílẹ̀ níbẹ̀ sì ni wọ́n fi ń bọ́ ara wọn. Àdéhùn ọdún mẹ́ta tí wọ́n kọ sílẹ̀, tí owó rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ gòkè láàrin rẹ̀, tí ó fún ayálẹ̀ láàyè láti gbin agúnmániyè sí ààlà, ti tó fún ìbẹ̀rẹ̀. Ìbéèrè tí irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ dáhùn kí wọ́n tó fọwọ́ sí i ni ta ni yóò ni igi náà ní ìparí ọdún kẹta, àti bóyá onílẹ̀ yóò san nǹkan kan fún ayálẹ̀ lórí ilẹ̀ tí ó fi sílẹ̀ ní dúdú, tí ekòló ti kún inú rẹ̀.